T5 tàbí LED lórí táńkì iyùn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀, ẹ wá sọ tẹnu yín

OmiIyọ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá. Táńkì mi gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 60, omi rẹ̀ sì jìn tó 50. Ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì T5 mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, wáàtì 54 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Iyùn rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀ lórí yanrìn, àwọn LPS, ìyẹn iyùn olókùúta ẹlẹ́nu ńlá, wà láàárín, Acropora mẹ́ta, ìyẹn iyùn olókùúta ẹlẹ́ka, sì gun orí àpáta lókè. Gbogbo wọn ń dàgbà, n kò ní purọ́ mọ́ wọn.

Ooru ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí ọjọ́ bá ti gbóná, omi á ti kọjá 28°C kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kan 29.5. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n so LED méjì kọ́ síbẹ̀ kí n lọ sùn. Òmíràn ní ọjọ́ tí mo bá dán an wò ni Acropora mi máa dágbére. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

ÀgbàTáńkì:
Àbúrò, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, wọn ò kàn parí ọ̀rọ̀ ni.

Iyùn ò mọ T5, kò mọ LED. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá tíńtìntín kan ń gbé, zooxanthellae lorúkọ wọn. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀ fún onílé. Àwọn gan-an ló ń wo iná rẹ. Ohun tí wọ́n ń wò ò sì ju mẹ́ta lọ: ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn ti pọ̀ tó, àwọ̀ wo ló pọ̀ nínú rẹ̀, ibo ló gbà wọlé.

Bó ṣe pọ̀ tó là ń fi PAR wọ̀n, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín nánómítà 400 sí 700. Iyùn rírọ̀ ń jẹun yó ní 50 sí 150. LPS ń fẹ́ bíi 75 sí 200. Acropora àti àwọn SPS yòókù, ìyẹn iyùn olókùúta ẹlẹ́nu kékeré, 200 sí 400 ni mo máa ń wá fún wọn. Kó o lè mọ bí iyẹn ti kéré tó, oòrùn ọ̀sán gangan lójú òkun ń súnmọ́ 2,000.

Ní ti àwọ̀, búlúù ni kókó. Omi tètè máa ń gbé àwọ̀ pupa mì. Ká tó wọ inú òkun tó mítà mẹ́wàá, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, búlúù ló ń bá ìrìn lọ. Ibẹ̀ ni zooxanthellae dàgbà sí, búlúù ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò, nǹkan bí nánómítà 420 sí 480. T5 lè fún wọn, LED náà lè fún wọn. Mi ò rí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi T5 ṣe ẹ̀sìn ń bọ̀ lọ́nà, òun ló máa sọ ìyẹn fún ọ.

AlágídíT5:
Mo ti dé. Ẹ má pè mí lórúkọ tí mi ò jẹ́.

Ọ̀pá T5 oníwáàtì 54 gùn tó 1,149 mílímítà, gbogbo gígùn yẹn ló sì ń tàn. Tó o bá to mẹ́fà síbẹ̀, ńṣe ló dà bí ọjọ́ tí ìkùukùu tínrín bo ojú ọ̀run: ìmọ́lẹ̀ ń ti ibi gbogbo bọ̀, òjìji ò ríbi dúró. Ẹ̀ka tó wà lókè ò lè fi bẹ́ẹ̀ bo èyí tó wà nísàlẹ̀. LED ní tirẹ̀, ojú kan ló ti ń tàn bí oòrùn ọ̀sán gangan. Abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀yìn ẹ̀ka ṣókùnkùn. Iyùn kékeré ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tó bá di igbó tán lẹ́yìn ọdún méjì lo máa rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, tí wàá sì máa dá omi lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Ọ̀pá nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Páànù dídán tó tẹ̀ yí ẹ̀yìn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ká, tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sísàlẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Páànù pẹlẹbẹ kan ṣoṣo fún ọ̀pá mẹ́fà, eré ọmọdé ni. Máa nu iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó o tó sọ pé ọ̀pá ti gbó.

Ọ̀pá náà sì ń gbó lóòótọ́. Oṣù 9 sí 12 ni mo fi ń pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú èèyàn ó ṣì ń tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń yọ ọ́, tí mo sì ń fi ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, sáàárín wọn. Ẹni tó bá pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ kan, àwọn iyùn rẹ̀ ló máa dá a lóhùn.

OmiIyọ̀:
Ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti ní táńkì. Abájọ tí àwọ̀ Acropora fi máa ń ṣá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

ÌyáẸja:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Lọ́sàn-án Sátidé kan ni mo yọ T5 mẹ́rin kúrò, mo so LED kọ́, mo ṣí áàpù rẹ̀ lórí fóònù, mo gbé búlúù sí 80%, mo fi funfun sí 20%. Mo wo táńkì, ó ṣú sí mi lójú. Mo ní iná yìí ò tó. Mo gbé búlúù sí 100%. Lọ́jọ́ kẹrin, orí àwọn iyùn Montipora mi ti ń ṣá. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n ti funfun báláú. Nínú iyùn méje, márùn-ún ló lọ.

Ojú mi ló tàn mí jẹ. Àwọ̀ ewé tó wà ní nánómítà 555 ni ojú èèyàn ń rí jù lọ lójú ọ̀sán. Búlúù 450 ò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó rí bàìbàì sí èmi ló ń jó àwọn iyùn lọ́wọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tí zooxanthellae lè lò, irú ọ́síjìn kan tó ń ba ara jẹ́ ni wọ́n á máa tú jáde, iyùn á sì lé wọn síta kó lè gba ara rẹ̀ là. Wọ́n á kó àwọ̀ lọ. Funfun tí à ń rí, egungun rẹ̀ ló ń hàn látinú ẹran tó mọ́ gaara. Kì í ṣe ikú lójú ẹsẹ̀ o. Téèyàn bá tètè dín iná kù, ó lè padà. Èmi ò tètè ṣe é, torí mo rò pé àìsàn ni.

OmiIyọ̀, omi gbígbóná ń ti ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn nínú ọ̀ràn yìí. Má ṣe pààrọ̀ iná nígbà tí omi rẹ wà ní 29.

OmiIyọ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí ni kí n wá fi bẹ̀rẹ̀? 30%?

ÀgbàTáńkì:
30% kí ni? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. 30% lórí LED kan lè ju 70% lórí òmíràn lọ. Ó kù sọ́wọ́ bó ṣe ga sí omi, irú gíláàsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ àti bí ojú iná inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà inú áàpù ń sọ bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni, kò sọ ohun tó dé ara iyùn.

Wá ẹ̀rọ tó ń wọn PAR, kódà bó o bá máa yá a fún ọjọ́ kan péré. Kó o tó fọwọ́ kan T5, ki ojú ẹ̀rọ náà bọ inú omi ní ibi tí iyùn kọ̀ọ̀kan wà gan-an, kó o kọ ohun tó o rí sílẹ̀. Ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, so LED kọ́, kó o sì dín in kù títí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lábẹ́ rẹ̀ ò fi ní ju bí ìdajì ohun tó o kọ sílẹ̀ lọ. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni mo wí, kì í ṣe ìpíndọ́gba táńkì, torí ìpíndọ́gba ò jó iyùn kankan rí. Láti ibẹ̀, máa gùn ún bí àkàbà, díẹ̀ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí iyùn kan bá ṣá, padà sẹ́yìn kó o dúró síbẹ̀.

Má fi áàpù lux orí fóònù ṣe é. Ojú èèyàn ni wọ́n ṣe lux fún, nítorí náà búlúù ò níye lórí lọ́dọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe Ìyá Ẹja ló máa tún ṣe fún ọ, á wá fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn. Ẹ̀rọ PAR àtijọ́ náà wà tó ń ka búlúù kù, bi onítọ̀hún bóyá tirẹ̀ ń ka gbogbo àwọ̀ látòkèdélẹ̀.

Ẹlẹ́bàtà:
Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa rí ẹ̀rọ yá o. Èmi ò lò ó. Mo gbé LED ga ju bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ lọ, mo ta àwọ̀n ẹ̀fọn funfun sórí táńkì ní ìpele mẹ́ta, mo sì ń ká ìpele kan kúrò lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Iyùn kan ò ṣá.

AlágídíT5:
Èyí mọ́gbọ́n dání. Ṣọ́ra kó má bọ́ sínú omi ṣá, ẹja á há sí i.

Aṣiṣẹ́Iná:
Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe jẹun, táńkì ni mo fi ń sinmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ooru.

Ọ̀pá mẹ́fà ní 54, wáàtì 324 nìyẹn, bálásítì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná sínú ọ̀pá, ṣì ń jẹ tirẹ̀ lé e. Wákàtí 10 lójúmọ́, ó di kílówáàtì-wákàtí 3.24. Ká ní LED méjì tó o fẹ́ gbé ń jẹ 95 lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, 190 ni, 1.9 lójúmọ́. Lọ́dún kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ á tó kílówáàtì-wákàtí 489. Mo sì mọ̀ pé o ò ní lò wọ́n dé góńgó.

Àwọn kan ń sọ pé LED kì í gbóná. Irọ́ ni. Fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó o wò ó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde, látara irin onílẹ́bẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí, ó sì ń gòkè lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sínú omi kò gbé ooru pupọ̀ dání. T5 ní tirẹ̀, gbogbo ara ọ̀pá ló ń yá gágá lórí omi. Ó tilẹ̀ nílò ooru yẹn ni: nígbà tí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá tó 35°C ló ń tàn dáadáa jù. Nítorí náà ẹni tó bá ń fi fáànù fẹ́ T5 rẹ̀ kíkankíkan kí omi lè tutù, ìmọ́lẹ̀ ló ń dín kù. Omi ni kó fẹ́ fáànù sí, kó fi ọ̀pá sílẹ̀.

LED pẹ́ lóòótọ́. Wákàtí 50,000 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀, ìyẹn ju ọdún 13 lọ ní wákàtí 10 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ojú iná nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ti fáànù, kò sọ ti ẹ̀rọ tó ń pín iná fún un. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ló ń pa àwọn yẹn. Fáànù ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò tí wọ́n bá gbé LED tó kú wá fún mi.

Ìtàn díẹ̀, ẹ foríjì mí: láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó lè fi LED tan táńkì iyùn, torí kò sí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Akasaki, Amano àti Nakamura ló ṣí ọ̀nà ìyẹn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì nítorí rẹ̀ ní 2014. Látara búlúù yẹn náà ni LED funfun ti jáde.

AlágídíT5:
Ẹ̀gbọ́n oníná, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ bí ọ̀pá mi kan bá kú, ìṣẹ́jú méjì ni mo fi ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, márùn-ún yòókù ò sì dákẹ́. Bí LED kan ṣoṣo bá kú lórí táńkì, gbogbo ilé ṣókùnkùn.

Aṣiṣẹ́Iná:
Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé LED kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Ṣùgbọ́n ibo lo ti máa rí ọ̀pá lọ́jọ́ iwájú? Ní Yúróòpù, òfin ti ká T5 àti T8 tí wọ́n ń fi tan ilé àti ọ́fíìsì kúrò lọ́jà láti oṣù kẹjọ 2023, nítorí mákúrì inú wọn. Níparí ọdún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata lórí mákúrì fẹnu kò láti fòpin sí ṣíṣe ọ̀pá bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọlé, kò ní kọjá 2027. Ti táńkì ẹja kì í ṣe ti ọ́fíìsì, mo gbà. Síbẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe ọ̀pá bá ń dín kù, tiyín náà á ṣọ̀wọ́n.

Adàpọ̀:
Ẹ̀ ń jà lórí ohun tí kò yẹ ká jà lé. Èmi ń lo méjèèjì. LED méjì wà láàárín, ọ̀pá T5 kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. LED ló ń tàn láàárọ̀ àti lálẹ́, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó sì ń fún mi ní ìmọ́lẹ̀ tó ń jó lórí yanrìn bí omi bá ti ń mì, èyí tí T5 ò lè ṣe láé. Ọ̀pá méjèèjì ń tàn fún wákàtí mẹ́fà péré lọ́sàn-án láti wọ abẹ́ ẹ̀ka. Òjìji tí AlágídíT5 ń sọ ti lọ ní ìdá tó pọ̀. Ewu rẹ̀ ò ju pé kí o gbàgbé pé méjèèjì ló ń tàn pa pọ̀ lọ́sàn-án: ìgbà yẹn ni kó o wọn PAR, kì í ṣe ìdájí.

AlágídíT5:
Mi ò lòdì sí i. Àwọn LED gígùn tó rí bí ọ̀pá náà kò burú, wọ́n ń tàn káàkiri ju àwọn onígun mẹ́rin yẹn lọ. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo sọ ọ́.

ÌyáẸja:
Ohun kan kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí i tí iyùn sì gbà á, yóò máa kọ́ egungun kíákíá, KH (ìwọ̀n agbára omi láti gba ásíìdì mọ́ra) àti kálísíọ́ọ̀mù omi á sì máa wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Máa wọn KH lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó o fi ń gbé iná sókè. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ ara iyùn ń di búráùn ni, òdìkejì funfun nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ lè má tó, tàbí kí oúnjẹ pọ̀ jù nínú omi, zooxanthellae ló ń kún inú rẹ̀. Búráùn ò pa á. Bí mo bá tilẹ̀ máa ṣì í, apá búráùn ni kí n ṣì í sí.

TitunOmi:
Ẹ jọ̀ọ́, táńkì tèmi ò ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, iyùn rírọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé gbogbo èyí kàn mí?

ÀgbàTáńkì:
Rárá o. LED kékeré kan ti tó. Fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kó o má sì máa fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà.

OmiIyọ̀:
Ẹ̀yin ará, mo padà wá. Ó di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Mo yá ẹ̀rọ PAR. Lábẹ́ T5 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orí Acropora jẹ́ 260, àwọn LPS wà ní 140 sí 160, yanrìn jẹ́ 90. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àárín táńkì àti igun rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí mo dán LED méjèèjì wò láìsí T5, abẹ́ wọn gan-an jẹ́ 430, igun sì jẹ́ 85, bẹ́ẹ̀ lójú mi ó dà bíi pé T5 ló mọ́lẹ̀ jù! Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ìyá Ẹja, mo yára dín in kù. Ti Adàpọ̀ ni mo wá ṣe: mo fi ọ̀pá méjì sílẹ̀, mo gbé LED méjì sáàárín, mo bẹ̀rẹ̀ ní 130 lórí Acropora, mo sì gùn ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti dé 280 báyìí, mi ò fẹ́ kọjá ibẹ̀.

Acropora kan ṣá díẹ̀ lọ́sẹ̀ karùn-ún. Mo padà sẹ́yìn, mo dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó bọ́ sípò. Òmíràn tó wà ní igun di búráùn, mo gbé e súnmọ́ àárín. LPS kan wú ju tàtẹ̀yìnwá lọ, àwọ̀ rẹ̀ ń dán lábẹ́ búlúù débi pé àwọn ọmọ ilé ò kúrò nídìí táńkì mọ́. KH lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, mo fi kún ohun tí mo ń dà sómi. Omi ò kọjá 27.4°C láti oṣù kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pá mẹ́rin àtijọ́ wà nílẹ̀ níbí. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá, ó fọ́ sílẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ kí n tó rántí mákúrì tí Ẹ̀gbọ́n oníná sọ.

Aṣiṣẹ́Iná:
O ṣeun tó o rántí. Má fi ìgbálẹ̀ gbá a, má sì fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí fà á, ńṣe ni wọ́n á tú u ká afẹ́fẹ́. Kó ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jáde, ṣí fèrèsé, kúrò nínú yàrá náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, fi páálí líle kó àwọn àfọ́kù, fi téèpù tó ń lẹ̀ mú àwọn tíńtín àti ìyẹ̀fun funfun tó kù, kó o wá fi pépà tútù nu ilẹ̀. Kó gbogbo rẹ̀, títí kan pépà náà, sínú ìgò tó ní ìdérí, kó o gbé e síta. Àwọn mẹ́ta tó kù, wé wọn sínú páálí tí àwọn tuntun bá wá, kó o gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá iná, kì í ṣe orí àkìtàn.

OmiIyọ̀:
Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta wà nínú páálí wọn, mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára kẹ́nikẹ́ni má jókòó lé e.